Ọlidé ìgbà òtútù: àwọn ọmọ mi fẹ́ wó ilé lé mi lórí

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ilé-ìwé ti tì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọjọ́ kẹta rèé, lójú mi ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́rin, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni mo ní. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń jà nítorí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀kẹta ń sunkún nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà.

Lánàá, mo ní kí n ṣe bí ìyá gidi. Yìnyín ti bọ́ mọ́jú, gbogbo àgbàlá funfun báláú. Ìṣẹ́jú 35 ni mo fi wọ aṣọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo ṣe fa síìpù ẹni ìkẹyìn tán báyìí ni èyí àárín ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Nígbà tí a wá jáde, a ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi ń ké pé ọwọ́ ń ta àwọn. La bá tún padà wọlé, omi ń kán tó, tó, tó sí gbogbo ilẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó dùbúlẹ̀ káàkiri bí ẹni tó ti ojú ogun dé.

Kí ni ẹ̀yin máa ń bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣe nígbà òtútù? Mi ò fẹ́ ohun tó máa náni lówó, mi ò sì fẹ́ èyí tí màá fi odindi ọ̀sán múra rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n á fi ìṣẹ́jú méjì ṣe tán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ ọdún méjì àti ọmọ ọdún mẹ́fà lè jọ ṣe. Tí kò bá sí irú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀, kí n yáa gbé fóònù fún wọn kí n sinmi.

Bàbá Ìbejì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ọmọ Mẹ́ta. Ẹ má tíì gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni.

Èyí kò jọ ọgbọ́n rárá, àmọ́ wákàtí kan gbáko ló máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tèmi. Ẹ kó àwọn ẹranko onírọ́bà tí wọ́n fi ń ṣeré sínú abọ́ ike, ẹ da omi bò wọ́n, ẹ gbé e síta mọ́jú, tàbí kí ẹ gbé e sínú fírísà. Tó bá di àárọ̀, ẹ yọ òkúta omi dídì náà sínú agbada ńlá, kí ẹ sọ fún wọn pé àwọn ẹranko ti há, pé àwọn nìkan ló lè tú wọn sílẹ̀. Ẹ fún ọ̀kan ní ṣíbí, ẹ fún ọ̀kan ní omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún ẹ̀kẹta ní iyọ̀. Omi iyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán, ìdí nìyẹn tí omi dídì fi máa ń yọ́ níbi tí iyọ̀ bá kàn án, tí á lu ihò wọnú. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi ti wá mọ̀ ọ́n débi pé iyọ̀ nìkan ló máa ń bèèrè, ó máa ń rọra wọ́n ọn lé ibi tí ó bá ti rí etí erin. Kí ẹranko náà sáà má kéré tó ohun tí ẹnu ọmọ ọdún méjì lè gbà, kí ẹ sì wo ọwọ́ wọn bóyá egbò wà níbẹ̀, nítorí iyọ̀.

Ẹ̀bi tèmi rèé: ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìgò ni mo lò. Omi máa ń fẹ̀ bí ìdá 9 nínú 100 tó bá dì. Ìgò fọ́ sínú fírísà lóru, àfọ́kù sì wọ inú gbogbo ohun tí a kó síbẹ̀. Ìyá wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ kejì. Ike ni kí ẹ lò, ẹ má sì kún un dé ẹnu.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi:

Ẹ kú ìnira, Ìyá Ọmọ Mẹ́ta. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, níbi tí yìnyín ti máa ń wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó lé. Kí n tó dárúkọ eré kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan: òtútù kọ́ ló lé yín wọlé lánàá. Omi ni. Ọwọ́ tó tutù lásán á móoru padà bí ọmọ bá ti ń sáré kiri. Ọwọ́ tó bá rin kò ní móoru títí ẹ ó fi wọlé.

Ẹ lọ wo ìbọ̀wọ́ tí wọ́n wọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé èyí tí wọ́n fi òwú hun ni. Á mu omi yìnyín bíi kànrìnkànrìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ti pọ̀ jù fún un. Èyí tí omi ò lè wọ̀ lẹ ń wá, kó sì jẹ́ irú tí ìka mẹ́rin máa jọ wà lójú kan, tí àtàǹpàkò nìkan máa dá wà. Ìka tó wà papọ̀ ń mú ara wọn móoru. Èyí tó bá dá yàrá gbà, á tètè tutù. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún wọn kí ẹ tó wọ kóòtù, kí ọwọ́ kóòtù lè bo ẹnu rẹ̀. Kí ẹ sì fi ìbọ̀wọ́ mìíràn sí àpò yín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àkọ́kọ́ bá rin, níta níbẹ̀ ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má wọlé. Ohun kékeré yìí ló sọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogójì ní kíláàsì mi. Nínú kóòtù náà, aṣọ irun àgùntàn dára ju aṣọ òwú lọ, torí òwú tó bá ti mu òógùn ti di ọ̀tá.

Ní ti ìtọ̀, gbogbo wọn ló ń lọ kí a tó fọwọ́ kan aṣọ. Gbogbo wọn. Pàápàá ẹni tó bá ń búra pé kò gbọ̀n òun. Ọmọ ọdún méjì ni kí ẹ sì wọ aṣọ fún kẹ́yìn, torí òun ni ooru ilé máa kọ́kọ́ mú kó fi igbe ta.

Ó yá, eré wá kàn. Àwọn òbí máa ń fẹ́ kí ọmọ mọ ère yìnyín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ló sì máa ń fa ẹkún jù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo yìnyín ló ṣeé mọ. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un mọ́ra. Tó bá dúró bíi bọ́ọ̀lù, ọjọ́ ère nìyẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí òtútù ò jìnnà sí òdo lórí ìwọ̀n Celsius (0°C), tí omi díẹ̀ ti wà lára yìnyín. Tó bá dà lọ láàárín ìka bí iyanrìn, ẹ fi ère sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ̀ pé yìnyín ni kò gbà. Ohun tó máa rò ni pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ iyanrìn yẹn, ọ̀dà ni mo máa ń lò. Omi, ẹ̀kán díẹ̀ nínú aró tí wọ́n ń fi sóúnjẹ, nínú ike tí wọ́n fi ń fín omi. Yìnyín di bébà, àgbàlá sì tóbi débi pé kò sẹ́ni tó máa jà sí ti ẹnì kejì. Ọwọ́ ọmọ ọdún méjì ò lágbára láti tẹ ike yẹn, ẹ fún un ní ife àti búrọ́ọ̀ṣì. Pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé ni mo máa ń pò. Mo ti yọ yẹ́lò kúrò. Ẹ̀yin òbí mọ ìdí rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gba ohun kankan ju àkísà dúdú kan lọ. Nígbà tí yìnyín bá ń bọ́, ẹ gbé àkísà náà síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òun náà lè tutù, kí ẹ wá na án kó gba yìnyín díẹ̀. Bí ẹ bá ní awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, ẹ mú un wá. Ẹ ó rí i pé apá mẹ́fà ló sábà máa ń wà lára èyí tí kò tíì fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà á kà á, á tún un kà, á wá máa wá èyí tó ní méje kiri. Ẹ má sọ fún un pé kò sí, ẹ jẹ́ kó wá a. Kí wọ́n sáà di èémí wọn mú, torí èémí wa ń yọ́ ọ kí a tó rí i. Mo máa ń sọ ìtàn àgbẹ̀ kan fún wọn, Wilson Bentley, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, tó so kámẹ́rà mọ́ maikirosíkópù ní 1885 tó sì ya fọ́tò ẹyọ yìnyín kan ṣoṣo. Kó tó kú, ó ti ya èyí tó lé ní 5,000. Ọmọ kan bi mí pé ṣé ìyá rẹ̀ ò pè é pé kó wọlé ni. Mi ò rí èsì fún un.

Àárọ̀ tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ tán, ẹ jáde kí àwọn ará àdúgbò tó jáde, kí ẹ wá ojú ẹsẹ̀. Ti ẹyẹ, ti ajá, ti ológbò. Èékánná ajá máa ń hàn níwájú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ti ológbò kì í sábà hàn torí ó máa ń fà á pamọ́. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀kan títí ẹ ó fi rí ibi tó parí sí. A ti tẹ̀ lé ológbò kan rí dé abẹ́ ọkọ̀ mi.

Ọjọ́ tí òtútù bá pọ̀ jù tàbí tí afẹ́fẹ́ ń jà, ẹ bu yìnyín wọlé. Ẹ gbé abọ́ ńlá sínú ibi ìwẹ̀, ẹ fún wọn ní ife àti ṣíbí, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bu yìnyín kún ife kan fọ́fọ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó rò pé omi máa dé. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́: ìwọ̀n 10 cm rẹ̀ lè má ju 1 cm omi lọ. Ní ọdọọdún ni ẹnì kan máa ń fi ẹ̀sùn kan ẹnì kejì pé ó ti mu ún.

Ọ̀rẹ́ Òjò:

Òjò àti òtútù nìkan ló wà níbi tiwa o, a kì í rí yìnyín. Ṣé ká kàn máa wo ẹ̀yin ni?

Bàbá Ìbejì:

Fírísà yín ńkọ́? Gbogbo ti ẹranko tó há yẹn, inú ilé ló ti ṣeé ṣe. Ẹ tún lè da omi sínú àwo pẹrẹsẹ, kí wọ́n to ewé gbígbẹ àti òdòdó sí i bó ṣe wù wọ́n, kí ẹ fi okùn kan sí etí rẹ̀, kó dì. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi okùn yẹn gbé e kọ́ síta níbi tí oòrùn ti lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ò tutù tó, kò ní pẹ́ yọ́, àmọ́ yíyọ́ rẹ̀ náà, eré ni. Àwọn tèmi máa ń jókòó ti fèrèsé dè é títí ó fi jábọ́.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Olùkọ́, ẹ ò wo mí láti ojú fèrèsé lánàá bí? Ìbọ̀wọ́ òwú ni lóòótọ́.

Ìbéèrè méjì. Àbíkẹ́yìn mi ń jẹ yìnyín bí ẹni tó ń jẹun àárọ̀. Kí ni kí n ṣe? Àti pé báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òtútù ti pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọdún méjì ò lè sọ ọ́?

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi:

Díẹ̀ nínú èyí tó mọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, kò ní pa á lára. Ẹ má jẹ́ kó bù ú létí títì, tàbí níbi tí wọ́n wọ́ yìnyín jọ sí, torí ẹ̀gbin àti iyọ̀ ọ̀nà wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti fi aró kùn náà, kó fi sílẹ̀. Kó má sì fi ahọ́n kan irin. Tó bá ti kàn án tó sì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fà á. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rọra dà sí i.

Ní ti òtútù, ẹ kì ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Tó bá gbóná láìlàágùn, kò sí wàhálà. Tó bá ń làágùn, ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò. Tó bá tutù, ẹ wọlé. Kí ẹ máa wo imú, etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìka. Ìwé púpọ̀ ló sọ pé awọ ara á di funfun tí òtútù bá ti ń pa á, àmọ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè kàn rí bí eérú, kí ibẹ̀ le díẹ̀, kí ọmọ má sì mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi yìnyín ra á. Ẹ wọlé, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mú un móoru, tí kò bá tètè padà sípò, ẹ pe dókítà. Ọmọ kékeré máa ń tètè tutù ju àgbà lọ. Tí ẹ bá ń dúró kí òtútù mú ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ti pẹ́.

Ìyá Àgbà:

Ọmọ mi, o kú wàhálà. Olùkọ́, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, àmọ́ àwa kan wà tí orúnkún wa ti kọ yìnyín sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rin wá bá tí ilé-ìwé bá ti tì.

Inú ilé ni tèmi. Mo máa ń na aṣọ ìbùsùn láti orí àga kan dé èkejì, mo á fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì, mo á sì pa iná. Wọ́n á máa fi ọwọ́ ṣe ehoro àti ẹyẹ lára aṣọ. Èmi náà máa ń wọlé síbẹ̀, ìdúró ni ìṣòro. Ọjọ́ mìíràn, mo á po ìyẹ̀fun ife méjì, iyọ̀ ife kan, omi ife kan. Wọ́n á tẹ ọwọ́ sí i, màá sì fi iná tí kò le yan án títí á fi gbẹ. Ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì wà lára ògiri mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ owó mélòó kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ajá rí i jẹ o, iyọ̀ yẹn lè pa á.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń mú mi jáde. Nígbà òtútù, ilẹ̀ ti ṣú kí ọmọ tó sùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa jí ẹnikẹ́ni láti wo ìràwọ̀. Ní ìdajì ayé níbi tí December ti jẹ́ ìgbà òtútù, bí ojú ọ̀run bá mọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ níparí oṣù náà, kọjú sí ìlà oòrùn, wàá rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ. Ìgbànú Orion nìyẹn, ìyẹn àkójọ ìràwọ̀ kan tí wọ́n ní ó jọ ọdẹ. Ní apá kan ìgbànú náà ni ìràwọ̀ Betelgeuse wà, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní apá kejì ni Rigel, tó funfun bíi búlúù. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tò yẹn fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, a ti padà wọlé.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Olùkọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé.

Ìròyìn rèé. Ìtọ̀ ṣáájú, ọmọ ọdún méjì kẹ́yìn: ìṣẹ́jú 18. Mo lo ìbọ̀wọ́ tuntun, mo sì fi èkejì sápò. Yìnyín dà bí iyanrìn, nítorí náà a kun ọ̀dà. Àkọ́bí mi ya ojú ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn ilé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Àbíkẹ́yìn tẹ̀ ẹ́. Ìjà ṣẹlẹ̀, àmọ́ níta ni, n kò sì gbọ́ ọ tó ti inú ilé. Ìṣẹ́jú 45 la lò. Òun náà tó ń ké lánàá ló ń ké lónìí pé òun ò wọlé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo sùn.

Báyìí, ìbọ̀wọ́ mẹ́fà ló rin gbindingbindin nílẹ̀ níwájú mi. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Bàbá Ìbejì:

Ẹ má fi lé orí ohun tó ń gbóná gan-an o, ó lè jóná. Ẹ to ìgò òfìfo dúró sí ibi tó móoru, kí ẹ fi ìbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dé e lórí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ inú rẹ̀. Láti ọdún tí mo sọ yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà mí láyè láti fi ìgò ṣe nínú ilé wa nìyẹn.